Bí Ọpọlọ Bá Fara Gbọgbẹ́: Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Tí Ó Wà Nínú Sẹ́ẹ̀lì

 

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó máa ń ka abala yìí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 19, ṣubú lórí ọ̀kadà, ó sì fi orí gbá ilẹ̀. Ọmọ náà dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó sì rìn dé ilé. Ó tó nǹkan bí wákàtí 4 lẹ́yìn náà kí oorun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún, tí ó ń bì, tí kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ kò tí ì ṣe dáadáa bí ti àtẹ̀yìnwá. Ìyá náà wá béèrè pé, bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tí ó fi orí gbá ni ó ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, èé ṣe tí ó fi sọ̀rọ̀, tí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé? Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí rẹ̀ ní gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn? Ǹjẹ́ kò sì sí oògùn kan tí ì bá dáàbò bo ọpọlọ náà?

N kì í ṣe dókítà. Ìmọ̀ ẹ̀kọ́ Islam ni mo kà ní yunifásítì, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ń ṣe. Ohun tí olùkọ́ lè ṣe kò ju kí ó ka ohun tí àwọn onímọ̀ ti wádìí, kí ó sì là á yé ẹlòmíràn. Ìbéèrè ìyá yìí jinlẹ̀, nítorí pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn àgbà onímọ̀ ti ń bá ìbéèrè kẹta yẹn jà.

Àwọn dókítà pín ìpalára ọpọlọ sí ọ̀nà méjì. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí orí kan ilẹ̀; kò sí ẹni tí ó lè dá a padà. Ìkejì ni èyí tí ó ń yọ́ wá lẹ́yìn rẹ̀, fún wákàtí mélòó kan, àní fún ọjọ́ mélòó kan nígbà mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ lè máa jò díẹ̀díẹ̀ sí abẹ́ eegun agbárí. Ọpọlọ lè wú, bẹ́ẹ̀ ni agbárí kò ní fẹ̀ láti gbà á. Ibi tí ó há mọ́ náà yóò wá fún àwọn iṣan tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ pa, ebi afẹ́fẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ilẹ̀ kò tilẹ̀ kàn rárá. Ìdí nìyí tí ọmọ ènìyàn fi lè rìn wálé kí ó tó dákú.

Ọpọlọ kò lè fara da ebi. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ìdá 100 ìwọ̀n gbogbo ara, síbẹ̀ òun nìkan ni ó ń lo nǹkan bí ìdá 20 nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ara ń lò nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Kò sì ní abà tí ó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé wá ní ìṣẹ́jú yìí ni yóò jẹ ní ìṣẹ́jú yìí. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àrùn rọpárọsẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan ọpọlọ. Ní ọdún 2006, Jeffrey Saver, dókítà ọpọlọ ní Yunifásítì California ní Los Angeles, ṣírò rẹ̀ pé bí iṣan ńlá kan bá dí, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni ó ń kú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún iye yẹn kà.

Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kì í kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ààrin ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ ni ó máa ń kú láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yí i ká kò kú, wọn kò sì yè. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n dákẹ́ iṣẹ́, wọ́n sì ń retí. Orí àwọn tí ó ń retí yìí ni ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé, nítorí pé wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ tiwọn.

Kí a tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń ṣọ́. Bí a bá gbọ́ purotéènì, ẹ̀wà àti ẹja ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn purotéènì ni òṣìṣẹ́: àwọn ni ó ń gbé ẹrù, tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn, tí ó ń tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe. Bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì ṣe máa ń hun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sì sí èyí tí ó lè ṣiṣẹ́ títí yóò fi ká sí bí ó ti yẹ kí ó ká. Ẹ wo gèlè. Kí obìnrin tó wé e, aṣọ lásán ni. Bí ó bá wé e tán ni ó tó di ohun tí a ń wò. Bí wíwé náà bá sì tú lóde àríyá, kì í ṣe pé aṣọ náà ya, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni purotéènì rí.

Ooru a máa tú purotéènì. Àìsí afẹ́fẹ́ a máa tú u, májèlé náà a sì máa tú u. Èyí tí ó bá tú kì í sì í dúró lásán, ńṣe ni ó máa ń lọ́ mọ́ àwọn yòókù. Mo máa ń fi ẹyin ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Funfun ẹyin tútù ń ṣàn nítorí pé purotéènì inú rẹ̀ ká, olúkúlùkù wà lọ́tọ̀. Bí a bá sè é, ooru yóò tú wọn, wọn yóò lọ́ mọ́ ara wọn, gbogbo rẹ̀ yóò sì le. Ọmọ kan bi mí léèrè nígbà kan pé ṣé bí a bá gbé ẹyin sísè sínú omi tútù, kò ní padà sí bí ó ti wà ni? Kò ní padà. Ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń wu sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ léwu bí ebi afẹ́fẹ́ bá mú un.

Ìtàn bí a ṣe mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀ṣọ́ tí ó ń dènà èyí kò bẹ̀rẹ̀ láti ara ọpọlọ rárá. Ní ìlú Naples ní ilẹ̀ Ítálì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Ferruccio Ritossa ń fi kòkòrò ṣe ìwádìí, irú àwọn kékeré tí ó máa ń kùn yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n jù ká. Inú àpótí tí ó ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀ ni ó ń tọ́jú wọn sí. Ní ọjọ́ kan, ẹlòmíràn nínú ilé iṣẹ́ náà yí ooru àpótí náà sókè. Nígbà tí Ritossa wo inú sẹ́ẹ̀lì àwọn ìdin kòkòrò náà, ó rí i pé àwọn ibì kan lára okùn àbùdá wọn ti wú. Wíwú yẹn fi hàn pé àwọn jíìnì tí ó wà níbẹ̀ ti jí, wọ́n sì ń pàṣẹ iṣẹ́. Ó tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 1962. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó kọbi ara sí i nígbà náà. Ta ni yóò fẹ́ mọ ohun tí ooru ń ṣe fún kòkòrò ọ̀gẹ̀dẹ̀? Ọdún 1974 ni Alfred Tissières àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí ohun tí àṣẹ náà ń mú jáde: àwọn purotéènì tí ó ń pọ̀ sí i nígbà tí ooru bá mú sẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń rí wọn níbi gbogbo, lára àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, lára àgbàdo, lára ènìyàn. Heat shock protein ni orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Hsp70.

Kí ni iṣẹ́ Hsp70? Yóò di purotéènì tí ó ń tú mú, kí ó má baà lọ́ mọ́ èkejì rẹ̀. Yóò ràn án lọ́wọ́ láti tún ara rẹ̀ ká. Èyí tí kò bá sì ṣe é tún ṣe mọ́, yóò darí rẹ̀ sí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fọ́ ìdọ̀tí rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Àwọn onímọ̀ ń pe irú rẹ̀ ní chaperone. Orúkọ náà wù mí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, ìyá àgbà tí ó máa ń tẹ̀lé ọmọge lọ sí òde àríyá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kí ọmọ náà má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní agbo ilé wa.

Ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó pe ẹ̀ṣọ́ jọ yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Oníṣẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HSF1. Nígbà àlàáfíà, àwọn ẹ̀ṣọ́ fúnra wọn ni wọ́n dì í mú. Bí ìnira bá dé, tí àwọn purotéènì bẹ̀rẹ̀ sí í tú káàkiri, àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò jọ̀wọ́ rẹ̀, wọn yóò sì sáré lọ síbi iṣẹ́. HSF1 tí ó ti bọ́ yóò wọ inú yàrá tí àwọn jíìnì wà, yóò sì pàṣẹ pé kí a ṣe ẹ̀ṣọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n bá pọ̀ tó, wọn yóò tún dì í mú, àṣẹ yóò sì dáwọ́ dúró.

Ní ọdún 1986 ni ìwádìí kan lára ajá la ojú àwọn oníṣègùn. Charles Murry, Robert Jennings àti Keith Reimer fún iṣan ọkàn àwọn ajá pa fún ìṣẹ́jú 5, wọ́n tú u, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 4. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fún un pa fún 40 ìṣẹ́jú. Èèyàn á rò pé ìyà yóò pọ̀ sí i fún àwọn ajá yìí, ṣùgbọ́n ibi tí ó kú lára ọkàn wọn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tí ó kú lára àwọn tí a kò kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ní ọdún 1990, Kazuo Kitagawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rí irú rẹ̀ nínú ọpọlọ, lára irú eku kan tí ó ń gbé aginjù. Wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ àwọn eku náà dúró fún ìṣẹ́jú 2 péré, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí wọ́n wá dá a dúró fún ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn náà, èyí tí ó tó láti pa àwọn sẹ́ẹ̀lì ìrántí, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà yè. Ìnira kékeré ti mú kí ẹ̀ṣọ́ wà nílé kí ìnira ńlá tó dé. Hsp70 nìkan kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fura sí.

Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e ni pé, bí a bá fi Hsp70 nìkan kún ọpọlọ ńkọ́? Ní ọdún 1998, Midori Yenari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford fi fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára gbé jíìnì ẹ̀ṣọ́ yìí wọ inú ọpọlọ eku; sẹ́ẹ̀lì tí ó yè sì pọ̀ sí i nígbà tí wọ́n dí iṣan ọpọlọ náà. Ní ọdún 2000, àwọn mìíràn fi hàn pé eku tí a bí pẹ̀lú àpọ̀jù Hsp70 kì í pàdánù ọpọlọ púpọ̀ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2001, àwọn ará Stanford náà tún padà wá pẹ̀lú ìbéèrè tí ó kan ìyá tí ó kọ lẹ́tà sí mi gbọ̀ngbọ̀n: bí ìpalára bá ti ṣẹlẹ̀ ná ńkọ́? Nígbà tí wọ́n gbé jíìnì náà wọlé ní wákàtí 2 lẹ́yìn ìpalára, ó ṣe àǹfààní. Nígbà tí ó di wákàtí 5, kò ṣe àǹfààní mọ́.

Ibi tí ó dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo kà nìyí. Ọpọlọ kò pẹ́ fura. Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ìrántí tí wọ́n máa ń kú lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá dúró, àwọn onímọ̀ ti rí i pé àṣẹ láti ṣe Hsp70 ti jáde, ó ti wà ní kíkọ, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì náà kò ní okun tí yóò fi ṣe purotéènì náà jáde. Ó pe ẹ̀ṣọ́, kò sì rí owó san fún wọn.

Èé ṣe tí a kò fi rí i kí dókítà gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ Hsp70? Ìdí pọ̀. Ó tóbi jù, ògiri tí ó wà láàrin ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá wà ní òde sẹ́ẹ̀lì dípò inú rẹ̀, ó lè ru àwọn ọmọ ogun ara sókè kí wíwú náà sì burú sí i. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ geldanamycin tí ó lè jí HSF1 kí ẹ̀ṣọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ẹ̀dọ̀. Ohun mìíràn tún wà tí kò ṣeé fojú fò: sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ń sá sábẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí kí ó má baà kú. Ẹ̀ṣọ́ kì í bi ẹni tí ó ń gbà là léèrè pé olè ni àbí onílé.

Àwọn oògùn ìdáàbòbò ọpọlọ mìíràn kò sì rí ọ̀nà lọ. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ kan láti Australia kó gbogbo ohun tí a ti dán wò fún rọpárọsẹ̀ jọ, iye wọn sì jẹ́ 1,026. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba eku là. Nígbà tí wọ́n dé ara ènìyàn, ìjákulẹ̀ ni. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè kẹta ìyá náà ni pé kò sí irú oògùn bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àgúnmu tàbí ìgò hóró oògùn wá tí ó ní ó ń jí ọpọlọ tí ó ti kú, ẹ fi owó yín pamọ́ fún owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò.

Ẹ̀kọ́ ajá ti ọdún 1986 ṣì ń bá iṣẹ́ lọ lọ́nà mìíràn. Àwọn dókítà rí i pé kò pọn dandan kí ìnira kékeré yẹn kan ọpọlọ fúnra rẹ̀. Bí a bá fún apá pa tí a sì tú u, ara lè gbé ìkìlọ̀ náà dé orí. Wọ́n ń lo rọ́bà tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á fún un pa fún ìṣẹ́jú 5, wọ́n á tú u fún ìṣẹ́jú 5, wọ́n á tún un ṣe. Ní ọdún 2022, ìwádìí ńlá kan ní Ṣáínà fi hàn pé nínú àwọn tí wọ́n ṣe èyí fún lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ìdá 67.4 nínú ìdá 100 ni ara wọn padà bọ̀ sípò dáadáa, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 62.0 nínú àwọn tí wọn kò ṣe é fún. Ní ọdún 2023, ìwádìí ńlá mìíràn ní Denmark kò rí àǹfààní kankan. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dúró sí nìyẹn. Ẹ má ṣe so okùn mọ́ apá ẹnikẹ́ni nílé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ka ọ̀rọ̀ yìí, wọn yóò sì wí pé bí ooru bá ń pe ẹ̀ṣọ́ jáde, ẹ jẹ́ kí a fi omi gbígbóná jó orí rẹ̀. Rárá o! Ooru kékeré tí ó ṣáájú ìpalára, tí sẹ́ẹ̀lì sì rí ọjọ́ kan tàbí méjì múra dè é, yàtọ̀ sí ooru tí ó dé bá sẹ́ẹ̀lì tí ebi ti ń pa. Ibà lẹ́yìn ìpalára ọpọlọ máa ń mú kí ó burú sí i ni. Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi máa ń tètè wá bí wọn yóò ṣe mú un rọlẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ọmọdé nílẹ̀ wa ti ń tọ́jú ọmọ tí iná jó lẹ́sẹ̀ nítorí pé gìrì mú un, àwọn ará ilé sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná kí ó lè jí. Àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù pò ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣúgà yẹn ni oúnjẹ tí ọpọlọ kò ní ní ìpamọ́.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ìdílé ni wákàtí mélòó kan wọ̀nyẹn. Bí ẹnì kan bá fi orí gbá nǹkan, kódà bí ó bá ń sọ̀rọ̀, kí ẹnì kan máa wò ó di ọjọ́ kejì. Bí ó bá ń bì léraléra, bí oorun bá ń kùn ún ju bí ó ti yẹ lọ, bí orí fífọ́ bá ń le sí i, bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ, bí ẹyinjú kan bá tóbi ju èkejì, bí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní etí tàbí imú, tàbí bí gìrì bá mú un, ilé ìwòsàn ló kàn, ní òru náà, kì í ṣe ní àárọ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan mọ́, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ìbáà ṣe omi ṣúgà. Bí ó bá ń mí, ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí orí, ọrùn àti ara jọ yí pọ̀. Ti rọpárọsẹ̀, ẹ wo ojú bóyá ó ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ní kí ó gbé apá méjèèjì sókè, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹ má fún un ní asipirín-ìn nílé, nítorí ẹ kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ dí ni tàbí ẹ̀jẹ̀ ya. Kí ẹ sì kọ aago tí ẹ rí i gbẹ̀yìn ní àlàáfíà sílẹ̀, nítorí oògùn tí ó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, ní ilé ìwòsàn tí ó bá ní in, kò wúlò bí ó bá ti ju wákàtí 4 àbọ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìpalára àkọ́kọ́, èyí tí ẹ̀ṣọ́ kankan kò lè bá pàdé, akoto nìkan ni ó ń dín in kù. Ẹ ó rántí oṣù January ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò dé akoto, tí àwọn kan ní àwọn ìlú kan nílẹ̀ yìí sì gbé igbá àti ìkòkò borí láti fi tan wọ́n jẹ. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àkójọ àwọn ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé akoto gidi ń dín ikú àwọn tí ó bá forí gbá lórí alùpùpù kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ìdá 100, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69. Ó kan ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú, títí kan ọmọ iléèwé tí a há sáàrin méjì. Kí a sì de okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, nítorí akoto tí a kò de máa ń fò kúrò kí orí tó kan ilẹ̀.